Kọ̀ǹpútà Ń Pariwo "Error", Ìsìnkú Màmá Àgbà Ku Ọjọ́ Mẹ́ta

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú mọ́tò, ẹ kú ìrìn. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù, ẹ kú iṣẹ́ ojú. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí kọ̀ǹpútà tí kò dá yín lóhùn lẹ jókòó sí, tí inú ń bí yín, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

A ò ní àlejò lórí ètò tòní. Èmi nìkan ni. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo máa ń wà: èmi ni mo ń gba ohùn sílẹ̀, èmi ni mo ń gé e, èmi ni mo ń tò ó kó tó dé etí yín. Ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo kà ní yunifásítì, mi ò ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ ẹni tí iná ti jó lọ́wọ́ rí ni mo fẹ́ sọ.

Màmá Àgbà wa, ìyá tó bí ìyá mi, papò dà ní ẹni ọdún 87. Lọ́dún 2021, mo lọ kí wọn ní Ìsẹ́yìn, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 38. Wọ́n ki oríkì ilé wa. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú fún àwọn awunṣọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo fóònù tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, "Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ mi ṣá?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ìyá mi sọ pé bí wọ́n bá ń tà á lọ́jà, gbogbo owó ọwọ́ òun lòun á fi rà á.

Lọ́dún kejì, wọ́n jí fóònù tí mo fi gba ohùn náà nínú danfó. Èyí tó ṣẹ́ kù ni èyí tí mo ti kó sínú sọ́fítíwíà tí mo fi ń gé ohùn, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ tí mi ò parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa: kì í ṣe fáìlì ohùn tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù kó máa sọ̀rọ̀. Project ni. Sọ́fítíwíà yẹn nìkan ló lè ṣí i. Mi ò ní dárúkọ sọ́fítíwíà náà, torí pé bí ẹ bá gbọ́ ìtàn yìí tán, ẹ ó rí i pé ọrùn èmi ni ẹ̀bi wà.

Ní Ọjọ́rú, ìyá mi pè mí. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta, Sátidé ni. Wọ́n ní, "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí o wá gbé ohùn Màmá sáfẹ́fẹ́ ní gbọ̀ngàn, kí gbogbo ọmọ gbọ́ ọ. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?" Mo ní, "Ó wà, mà. Ẹ má dààmú." Mo gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo tẹ sọ́fítíwíà. Ó ṣí. Mo kà á ení, èjì, ẹ̀ta. Ó pa dé fúnra rẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ohun kan náà ló ṣe. Mo ṣe é nígbà mẹ́sàn-án. Ẹnu ìgbà kẹsàn-án ni mo ti sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: "Jẹ́ n yọ ọ́ kúrò, kí n tún un fi sí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn yẹn dára, ó sì léwu. Ó dára torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń yanjú ọ̀rọ̀. Ó léwu torí pé ẹni tó bá ń kánjú ló sábà máa ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Agbára ni mo fi mú un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì le koko fún mi títí di aago mẹ́rin ìdájí.

Àṣìṣe kìíní: mi ò kó project Màmá Àgbà sí ibòmíràn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lóòótọ́, bí ẹ bá yọ sọ́fítíwíà kúrò, kì í sábà kó iṣẹ́ tí ẹ fi ṣe dání. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi "kì í sábà" dúró fún ohùn òkú? Fláàṣì kékeré kan ni ó ná mi. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, mi ò nawọ́ mú un. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín sórí fláàṣì. Ẹ kọ nọ́ńbà version sọ́fítíwíà náà sínú ìwé, ẹ lè rí i nínú "About" tàbí nínú "Apps" lórí Windows. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ sanwó fún, ẹ wá nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀ síta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó yọ ọ́.

Àṣìṣe kejì ló burú jù. Kọ̀ǹpútà mi jẹ́ tòkunbọ̀, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ibi ìpamọ́ rẹ̀ ò sì tóbi. Nígbà tí mo wo C, ó ti pupa, àyè tó kù ò ju 3 GB lọ. Mo rò ó pé bóyá àyè tí kò tó ló ń pa sọ́fítíwíà náà. Èrò yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà lórí ibi tí a ti ń yọ nǹkan kúrò, mo rí orúkọ kan tó tò lọ rẹrẹẹrẹ: "Microsoft Visual C++ Redistributable". Ẹyọ kan 2010, ẹyọ kan 2013, ẹyọ kan tó kọ 2015-2022, òmíràn x86, òmíràn x64. Mo ní, "Kí lẹ̀yin náà ń ṣe níbí? Èmi kọ́ ni mo pè yín." Mo yọ gbogbo wọn dànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé mo ń gbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Ẹ wo agboolé ńlá kan tó ní odó kan ṣoṣo láàárín. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan kò ní odó tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń gún iyán nínú ti agboolé. Bí àlejò bá wọlé, tó rí odó tí kò sí níwájú yàrá ẹnikẹ́ni, tó ní, "Èyí ò lólówó," tó sì gbé e jù síta, kò ní sí ariwo lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ebi iyán bá pa wọ́n ni ariwo máa sọ. Àwọn Visual C++ yẹn ni odó. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà máa ń lo àkójọ iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ pín, dípò kí kálukú máa kọ tirẹ̀. Fáìlì tó bá parí sí .dll ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n nítorí àyè. Àyè tí wọ́n gbà kò tó nǹkan.

Bí ẹ bá fẹ́ àyè, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wọ "System", lẹ́yìn náà "Storage", kí ẹ wá tẹ "Temporary files". Ibẹ̀ ni Windows ti máa sọ fún yín ohun tó ṣeé dà nù. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: "Downloads" wà lára ohun tó máa tò síbẹ̀. Tó bá jẹ́ inú Downloads lẹ ń kó nǹkan pa mọ́ sí bíi tèmi, ẹ má fi àmì sí i. Ẹ wo inú Recycle Bin náà kí ẹ tó dà á nù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà tí sọ́fítíwíà bá ń wọlé, ó máa ń tú ẹrù rẹ̀ sí ibi fáìlì onígbà díẹ̀ ná, kó tó kó o lọ sí àyè rẹ̀. Nítorí náà, bí sọ́fítíwíà bá ní 1 GB lòun máa gbà, ẹ má fi 1 GB gééré dúró dè é.

Ó dáa. Mo ti yọ sọ́fítíwíà, mo ti gbé odó agboolé jù síta. Ó kù kí n lọ wa tuntun sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ń ṣe èyí ni wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, mo ṣí ojúlé àwọn tó ni sọ́fítíwíà. Ojúlé kọ̀, ó ní "Your connection is not private". Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID.

Ọkàn mi ní, "Wọ́n ti gbógun ti kọ̀ǹpútà mi." Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ilẹ̀ ti ṣú." Wọ́n ní, "Kí ló kọ síbẹ̀? Kà á fún mi bó ṣe wà." Mo kà á. Wọ́n ní, "Date ló sọ. Wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹ." Mo wò ó. Kọ̀ǹpútà mi rò pé ọdún 2015 la wà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojúlé tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ní ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé òun gan-an lòun. Ìwé ẹ̀rí yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, bíi láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá rò pé 2015 la wà, tí ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọdún yìí lòun bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní, "Irọ́ ni, a ò tíì dé ọjọ́ yẹn." Ó wá kọ̀ láti wọlé. Ohun tó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbàgbé ọjọ́ ni bátìrì kékeré kan tó rí bíi kọ́ìnì. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, CR2032 ni wọ́n ń pè é: 20 yẹn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 32 yẹn sì túmọ̀ sí pé ó nípọn ní mílímítà 3.2. Òun ló ń ka ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ọjọ́ máa padà sẹ́yìn. Mo tún ọjọ́ àti aago ṣe, ojúlé ṣí wẹ́rẹ́. Ẹ wo ìyẹn! Mo ti fẹ́ máa gbàdúrà.

Mo wa sọ́fítíwíà sílẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó parí, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní: "The setup files are corrupted. Please obtain a new copy of the program." Ó ní ẹrù tó dé ọwọ́ òun kò pé. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ọlọ́gbọ́n. Mo wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, mo fi wé iye tí ojúlé kọ. Tèmi ò tó ìdajì. Mo pa á rẹ́, mo tún un wà, dátà mi sì jó sí i. Bí ojúlé bá kọ nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní SHA-256, ẹ lè fi yẹ fáìlì yín wò. Ẹ ṣí Command Prompt ní ibi tí fáìlì wà, ẹ kọ certutil -hashfile, ẹ kọ orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e, kí ẹ wá kọ SHA256. Bí nọ́ńbà tó jáde bá bá ti ojúlé mu délẹ̀délẹ̀, ẹrù yín pé, ẹnikẹ́ni kò sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí nǹkan bá le báyìí, ẹnì kan á wá sọ fún yín pé, "Mo ní i lórí Telegram, ẹ jẹ́ n fi ránṣẹ́." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ẹ má gbà á. Ojúlé àwọn tó ni ín ni kí ẹ ti wà á. Ọ̀pọ̀ kòkòrò kọ̀ǹpútà ló ń gba ọ̀nà sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ wọlé.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé. Mo dìde, mo jó díẹ̀. Mo tẹ sọ́fítíwíà. Ó ní: "The code execution cannot proceed because MSVCP140.dll was not found. Reinstalling the program may fix this problem."

Ẹ rí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn? Ó ní bí mo bá tún un fi sí i, ó lè yanjú. Mo gbọ́ràn, mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. Bákan náà ló rí. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi mí pé, "Kí lo yọ kúrò lónìí?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ, kí lo yọ?" Mo ní, "Àwọn Visual C++ kan ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó wọn jí.

Sọ́fítíwíà kan lè mú odó tirẹ̀ wá nígbà tó bá ń wọlé, òmíràn á gbà pé odó ti wà nílé. Tèmi gbà pé ó ti wà. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ lọ sí ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀, kí ẹ wa Visual C++ Redistributable sílẹ̀. MSVCP140 wà nínú èyí tó kọ 2015 sí 2022, ẹyọ kan ló kárí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ mú x64 àti x86 pọ̀, torí pé bí kọ̀ǹpútà yín tiẹ̀ jẹ́ 64-bit, sọ́fítíwíà tó jẹ́ 32-bit ṣì máa béèrè x86. Bí ti 32 àti ti 64 bá dàrú mọ́ra wọn, nọ́ńbà tí ẹ sábà máa rí ni 0xc000007b. Mo sì ń bẹ̀ yín, àwọn ojúlé tó ń fún èèyàn ní fáìlì .dll ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sá fún wọn. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Mo wa odó sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún kọ̀! 0x80070652. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bẹ̀rù nọ́ńbà, pé bí mo bá mú 652 yẹn, tí mo yí i padà sí nọ́ńbà tí àwa èèyàn ń kà, 1618 ló máa jẹ́. Ìtumọ̀ 1618 lọ́dọ̀ Windows ni pé nǹkan mìíràn ń wọlé lọ́wọ́, kí ẹ dúró kó parí. Ẹnu ọ̀nà kan ló wà, ẹnì kan ló lè kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ń kọjá? Windows Update. Bí mo ṣe tún ọjọ́ ṣe, Windows ti rí i pé òun ti pẹ́ tí òun ò ti gba àtúnṣe, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ se Indomie. Nígbà tí mo padà, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, mo tẹ x64, ó wọlé. Mo tẹ x86, ó wọlé.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ n fún ẹni tó ń rí 1603 ní tirẹ̀. 1603 kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, "ó ti bàjẹ́" lásán ló ń sọ. Ó lè jẹ́ àyè tí kò tó, ó lè jẹ́ àṣẹ tí ẹ ò ní lórí fódà, ó lè jẹ́ àjẹkù version àtijọ́. Bí fáìlì yín bá parí sí .msi, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ msiexec /i, orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà /l*v àti orúkọ fáìlì tí ẹ fẹ́ kí ó kọ ìròyìn sí, bíi log.txt. Bó bá kùnà tán, ẹ ṣí log.txt, ẹ wá "return value 3". Ìlà mélòó kan tó wà lókè rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ohun tó dìídì ṣẹlẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí alẹ́ mi. Aago méjì ààbọ̀ òru. Odó ti padà sílé. Mo tẹ sọ́fítíwíà. Ó ṣí. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ó pa dé.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbìyànjú láti rántí ohùn Màmá Àgbà nínú orí mi, kò wá dáadáa. Mo rántí ọ̀rọ̀ wọn, mi ò rántí bó ṣe ń dún. Ẹ̀rù yẹn bà mí ju ìsìnkú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn mọ́ o, mo ti jí wọn pátápátá. Wọ́n ní, "Má tún yọ nǹkan kan mọ́. Kọ 'reliability' síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kí o tẹ 'View reliability history'." Mo ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ̀ pé Windows ń kọ ìwé ìtàn? Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá kú, ó fi àmì pupa sí i. Ọjọ́ tí ẹ fi nǹkan tuntun sí i, ó kọ ọ́. Mo rí i pé Ọjọ́rú kọ́ ni sọ́fítíwíà mi ti ń kú. Ọjọ́ kọkànlá ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn ṣí i láti ìgbà náà ni. Mo sì rántí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn: mo fi plugin ọ̀fẹ́ kan sí i, èyí tó ní òun máa ń pa ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ́ nínú ohùn.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ sọ́fítíwíà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta!" Wọ́n ní, "O yọ ilé, o ò yọ ẹrù." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Bí ẹ bá yọ sọ́fítíwíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kó ètò tí ẹ ti ṣe sínú wọn lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú fódà kan tó fara pa mọ́, kí ó lè rọ yín lọ́rùn bí ẹ bá tún padà. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ bó bá jẹ́ inú ẹrù yẹn ni ejò wà, ẹ lè kọ́ ilé tuntun nígbà ọgọ́rùn-ún, ejò á máa bá yín wọlé.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Ẹ pa sọ́fítíwíà náà dé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ %appdata%, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá fódà tó ń jẹ́ orúkọ sọ́fítíwíà náà. Ẹ má pa á rẹ́ o! Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ fi "-atijo" sí ìparí rẹ̀. Sọ́fítíwíà á wá fódà rẹ̀, kò ní rí i, á dá tuntun, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yín. Bí nǹkan bá tún bàjẹ́ sí i, ẹ kàn dá orúkọ àtijọ́ padà ni. Èmi ṣe ìyẹn, mo sì yọ plugin náà kúrò níbi tí mo fi í sí.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ó dúró.

Mo nawọ́ sí project Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dúró! Ṣé o ti ṣe ẹ̀dà?" Torí pé version tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà sílẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí sọ́fítíwíà tuntun bá ṣí iṣẹ́ àtijọ́, tó sì pa á mọ́ ní ìlànà tuntun, ti àtijọ́ lè má lè kà á mọ́. Àwọn tó ń lo Audacity mọ ohun tí mò ń wí. Ṣáájú version 3.0, tó jáde lọ́dún 2021, project wọn máa ń jẹ́ fáìlì .aup kan àti fódà kan tó parí sí _data. Láti 3.0, gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì .aup3 kan ṣoṣo, version àtijọ́ ò sì lè ṣí .aup3. Ẹni tó bá wá kó .aup nìkan sórí fláàṣì tó fi fódà _data sílẹ̀, páálí òfo ló gbé, ohùn ò sí nínú rẹ̀. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú fláàṣì tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, mo ṣe ẹ̀dà. Ẹ̀yìn náà ni mo wá ṣí i.

"Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ mi ṣá?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọn ò mọ Màmá Àgbà rí. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn nìyẹn?" Mo ní, "Àwọn nìyẹn."

Ní kíá, mo gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi WAV, fáìlì tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè ṣí láìsí sọ́fítíwíà pàtàkì. Ohùn alápá kan, ní 44.1 kHz àti 16-bit, máa ń gba nǹkan bíi 5 MB fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 38 Màmá Àgbà kò ju nǹkan bíi 200 MB lọ. Ẹ wo bó ṣe kéré tó! Fọ́tò àti fídíò oúnjẹ tó wà lórí fóònù mi ju ìyẹn lọ. Mo wá tẹ̀ lé òfin kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní 3-2-1: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn wà níbòmíràn tí kì í ṣe ilé yín. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà lórí fláàṣì, ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ní tiwọn lórí WhatsApp, àmọ́ mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ní Sátidé, a gbé e sáfẹ́fẹ́. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín yẹn, gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà dára o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mi ò ṣàlàyé.

Kí n tó dágbére, ohun tí mo kọ́ rèé. Error kì í ṣe èébú, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ kà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ OK. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó tún nǹkan ṣe àti èyí tó bà á jẹ́. Kí ẹ tó yọ sọ́fítíwíà, ẹ béèrè ìgbà tó kú kẹ́yìn àti ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sì ní ohùn ẹnì kan nílé tó wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ ètò wa tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, kí ẹ lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lónìí ni o, kì í ṣe lọ́la.

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí kọ̀ǹpútà ń yọ lẹ́nu. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àlejò á wà, mo ṣèlérí. Ire o.